Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Sùn Lẹ́bàá Igbó IITA

Bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Àjílété pé ẹ fẹ́ sanwó kí àwọn ọmọ lè lọ sùn lẹ́bàá igbó, yóò bi yín bóyá igbó ti tán ní Yewa ni. Ìbéèrè gidi ni. Oko kún ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n igbó tí wọn kì í gé igi rẹ̀, tí wọ́n ń ro ojú ọ̀nà rẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, tí ọmọ sì rí omi ẹ̀rọ wẹ̀ bó bá ti ibẹ̀ dé, ó di Ìbàdàn.

Ọgbà IITA ni mò ń wí, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ bí ẹ bá kọjá Òjòó. Ilẹ̀ náà tó 1,000 hẹ́kítà, igbó sì gba nǹkan bí 350 nínú rẹ̀. Oko ni púpọ̀ nínú igbó yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, igi sì tún hù. Ẹ kò nílò àgọ́ o, ilé àlejò wà nínú ọgbà. Ẹni tó bá ní àìgbé àgọ́ dání kò jẹ́ kó dùn, kó kọ́kọ́ fi ọmọ ọdún mẹ́rin sùn nínú àgọ́ lóru òjò ná.

Ẹ má kàn dé ẹnu géètì láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ pè ṣáájú, ẹ gba yàrá, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ fẹ́ wọ inú igbó, nítorí yàrá lọ́tọ̀, àṣẹ igbó lọ́tọ̀. Ẹ béèrè iye owó àti ẹni tí yóò mú yín rìn. Kí àwọn àgbà mú káàdì ìdánimọ̀ dání.

Láti Àjílété, ẹ gba Ìlaròó sí Pápálántò, kí ẹ yà sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, ẹ ó kọjá Ewékorò. Láti Abẹ́òkúta, ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá àti Omi-Àdìó ni yóò gbé yín wọ Ìbàdàn ní Àpáta. Lẹ́yìn náà, ó ku Mókọ́lá, Sángo, Òjòó. Ẹ ya ààbọ̀ ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹrù wá kù. Ọmọ ẹnubodè ni wá, a sì mọ ojú tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń wo bùútù. Láti 2016 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ìrẹsì òkèèrè gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì lọ fún àǹtí yín ní Ìbàdàn, àlàyé tí ẹ ó ṣe lójú ọ̀nà lè gùn ju ìrìn náà lọ. Ẹ se tọ̀nà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ gbé e sínú kúlà. Gàrí, ẹ̀pà àti ìpékeré tó fún ìpápánu. Kí ìwé ọkọ̀ pé.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù, tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ wọ igbó ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ṣòkòtò gígùn ni kí gbogbo yín wọ̀, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, nítorí ìjàlọ kò mọ ọmọ kékeré yàtọ̀. Oògùn ẹ̀fọn àti tọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì.

Ẹ gbé awò awọ̀nàjíjìn dání bí ẹ bá ní. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, Ibadan malimbe, dúdú tí orí rẹ̀ pupa. John Elgood, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Ìbátan ẹ̀gà ni, ṣùgbọ́n kò láriwo bíi tirẹ̀, òkè igi ló sì fẹ́ràn. Ẹ má ṣèlérí rẹ̀ fún ọmọ, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Àtíòro ni kí ẹ ṣèlérí.

Ẹ fi pákí han àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ irú pákí tó ń fara da àrùn, tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn lónìí, inú ọgbà yìí ló ti jáde. Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, gba oyè Séríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ yẹ kó gbọ́ ìyẹn.

Bí ẹ bá rin kinkin pé inú àgọ́ lẹ fẹ́ sùn, Old Oyo National Park wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n àti ìnàkí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Ṣùgbọ́n nítorí ètò ààbò, èmi kò ní kó ọmọ kékeré débẹ̀ lásìkò yìí. Àgbà tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè bí nǹkan ṣe rí ní ọ́fíìsì wọn ní ìlú Ọ̀yọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, ẹ jẹun àárọ̀ kí ẹ sì jáde kí ó tó di agogo 10. Sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjòó àti Sángo máa ń fi àkókò ṣòfò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín láàárín Pápálántò àti Ìlaròó.