Bí Ọlọ́run Bá Pè Ọ́, Fara Balẹ̀ Ná

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ tàbí iléèwé sílẹ̀ lórí pé Ọlọ́run pe òun, orúkọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ló máa ń kọ́kọ́ fi gbèjà ara rẹ̀. Yóò ní ṣebí orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni Ọlọ́run ti bá Babalọlá sọ̀rọ̀, ṣebí ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Òótọ́ ni. Ọdún 1928 ni, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí ibi tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lónìí ní Ìkéjì-Arákẹjì.

Apá kan wà nínú ìtàn yẹn tí wọn kì í sọ. Babalọlá ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun ni, kì í ṣe ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ta ata kó lè rówó iléèwé san fún un. Nígbà tí ìpè dé, kò tẹ pósítà, kò sì gba gbọ̀ngàn. Ó padà sí Odò-Ọ̀wà, ó wàásù fún àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lẹ́yìn náà ló lọ fara sábẹ́ àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle, wọ́n sì ṣèrìbọmi fún un ní Èkó lọ́dún 1929. Ó di oṣù Keje ọdún 1930 kí ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì lẹ́yìn tó gbọ́ ohùn. Ta ló ń sọ fún ọmọ yunifásítì òde òní pé kó dúró fún ọdún méjì?

Ìkìlọ̀ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kristẹni kò ju èyí lọ: ìpè tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kì í sá fún àyẹ̀wò. Èyí tó bá ní dandan ni kó jẹ́ lálẹ́ òní, tó ní o kò gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíì ni yóò san gbèsè tó bá dá, jìnnà sí i.

N kò fi ìpè ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀dọ́ ló gbé ìjọ ilẹ̀ Yorùbá ró. Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ìran tó rí ní Èkó lọ́dún 1925 bí ẹgbẹ́ Séráfù tí òun àti Mósè Orímọládé dá sílẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni Mike Bámilóyè nígbà tó dá ẹgbẹ́ òṣèré Mount Zion sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1985. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ti kọ́ ṣáájú. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀, kò ka ìwé Sámúẹ́lì. Ṣùgbọ́n kó kà á dáadáa. Ohùn Ọlọ́run gan-an ni Sámúẹ́lì gbọ́, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde lọ bá Élì, Élì ló sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe dáhùn. Élì yẹn náà kì í ṣe ẹni pípé. Àwọn ọmọ tó bí ti ya pòkíì, ojú rẹ̀ sì ti bàìbàì. Nítorí náà, má sọ fún mi pé pásítọ̀ rẹ kò ní ẹ̀mí tó ìwọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ìpè òjijì ìsinsìnyí, inú fóònù ni wọ́n ti ń wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ kan á gbé fọ́tò ara rẹ̀ sórí WhatsApp nínú aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, á kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ayé ti sú òun. Kò ní pẹ́ tí nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ọmọ mi, mo rí ọ lójú ìran lóru àná. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ. Wòlíì orílẹ̀-èdè ni ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin kan nílé bàbá rẹ ló dì ọ́ lọ́wọ́ mú." Ilé bàbá ta ni kò ní obìnrin? Ọmọ á fèsì. Wọ́n á wá béèrè bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ní rárá, wọ́n á ní kó má sọ, pàápàá fún pásítọ̀ rẹ̀, nítorí ìlara. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá ti yà á kúrò láàárín àwọn tó lè là á lójú, ó kù sọ́wọ́ wọn. Owó àbẹ́là ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, kò sì ní tó nǹkan. Yóò kan òróró. Yóò kan owó tí wọ́n á fi gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tó bá yá, owó iléèwé tí bàbá fi ránṣẹ́ láná ni wọ́n á ní kó gbìn bí irúgbìn.

Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọlé sórí fóònù rẹ, fi han àgbàlagbà kan lọ́jọ́ náà gan-an. Bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé níbo ni ìjọ rẹ̀ wà, ta ló sì ń bá a wí bó bá ṣìwà hù. Wàá rí i pé kò ní pẹ́ tí yóò fi bínú.

Ti inú ìjọ náà wà. Àlejò wòlíì á na ọwọ́ sáàárín èrò, á ní, "Ìwọ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ẹ̀mí wòlíì wà lára rẹ." Ní ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ogún. Bí gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ fún ní ilẹ̀ yìí pé wòlíì ni bá di wòlíì lóòótọ́, a ò ní rí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ìwàásù mọ́. Inú ọgbà iléèwé gíga ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń pe ọmọ ogún ọdún ní "Papa", tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé báàgì tẹ̀ lé e? Orúkọ yẹn ti kó sí ẹlòmíì lórí débi pé nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ó ní ayé ló ń bá òun jà.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀dọ́ tó bá ń wá ìdánilójú ìpè á gun orí òkè, á ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọjọ́ méje lòun fẹ́ fi gba ààwẹ̀ gbígbẹ, omi kò ní kan òun lẹ́nu. Ara èèyàn lè fara da ebi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òùngbẹ kò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló ń gbà kó tó pààyàn, kíndìnrín sì lè ti bàjẹ́ ṣáájú. Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ jẹ́ SS, má dán an wò rárá. Àìmu omi àti òtútù orí òkè wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dí sójú iṣan, kí ìrora egungun sì dé, ó sì ti gba ẹ̀mí. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó gbé oògùn mì láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì kó sì dákú níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba oògùn lọ́wọ́ rẹ pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré.

Wọ́n á ní Jésù gba ogójì ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ebi ni Mátíù àti Lúùkù ní ó pa á lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò dárúkọ òùngbẹ. Wọ́n á ní Ẹ́sítérì gba ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni a gbọ́ pé ó ṣe é, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa gbogbo ìran rẹ̀ run. A ò gbọ́ pé ó ń ṣe é lóṣooṣù nítorí físà. Ààwẹ̀ dára. Mu omi, sọ fún ẹni tó wà nílé ibi tó o ń lọ àti ọjọ́ tó o máa dé, má sì dá nìkan lọ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Arákùnrin tó bá wá bá ọ pé Ọlọ́run ti fi ọ́ han òun bí ìyàwó, dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé Ọlọ́run mọ nọ́ńbà tìẹ náà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kó o sọ pé rárá. Bí wòlíì bá ní kó o wá gba ìdáǹdè lóru, tàbí kó o wá wẹ̀ létí odò, mú ìyá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ dání. Bí wọ́n bá ní ẹni yẹn kò gbọ́dọ̀ wọlé, ìwọ náà má wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fipá bá ọ lò pọ̀, bó ṣe wù kí aṣọ rẹ̀ funfun tó, ilé ìwòsàn ni kó o kọ́kọ́ lọ, má tíì wẹ̀, má fọ aṣọ tó o wọ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ó sì sàn kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ tí yóò ní kẹ́ ẹ fi mọ sáàárín ara yín.

Ṣé kéèyàn wá jókòó tẹtẹrẹ máa retí ni? Rárá o. Wọ́n ti da òróró sórí Dáfídì tán, ìdí àgùntàn ni wọ́n ṣì ti lọ pè é nígbà tí Sọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Pọ́ọ̀lù ń pàgọ́ ní Kọ́ríńtì lọ́dọ̀ Ákúílà àti Pírísílà. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, ó di àlùfáà lọ́dún 1843. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tó wà láàárín. Ẹ wo Enoch Adébóyè nítòsí. Onímọ̀ ìṣirò tó wọ ìjọ Redeem lọ́dún 1973 ni, ó sì ń ṣe ògbufọ̀ nígbà tí Bàbá Josiah Akíndáyọ̀mí bá ń wàásù ní Yorùbá. Ó di olórí ìjọ náà lọ́dún 1981, síbẹ̀ ó ṣì ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ìlọrin fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó gbájú mọ́ iṣẹ́ ìjọ nìkan. Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti Ìbàdàn ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀ bí ìwé, ó ṣe ààrẹ ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, ó sì gorí oyè Olúbàdàn lọ́dún 1955, ibẹ̀ ló wà títí ó fi wàjà lọ́dún 1964. Olórí ìjọ ni, ọba ni, òǹkọ̀wé ni.

Ọ̀pọ̀ yín kò ní di pásítọ̀ láéláé, Ọlọ́run kò sì bínú sí i. Níbi tí mo ti ń rí i pé ìgbàgbọ́ ń ṣòro fún ọ̀dọ́ wa gan-an, kì í ṣe orí pẹpẹ. Ẹ mú àgùnbánirọ̀ tí wọ́n rán lọ kọ́ni ní ìgbèríko. Ní alẹ́ Sátidé, òun ló ń darí àdúrà ní ilé ẹgbẹ́ Kristẹni àwọn àgùnbánirọ̀. Ní Mọ́ńdè, ìdánwò WAEC bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá iléèwé pè é sí ọ́fíìsì, ó gbé ìwé ìbéèrè fún un pé kó wá ṣe ìdáhùn rẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ òbí. Ilé tó ń gbé, iléèwé ló ni ín. Ìwé tí yóò fi gba owó oṣù, ọ̀gá yẹn ló ń buwọ́ lù ú. Kò sí àkọ́lé, kò sí kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó ń ké alelúyà. Bó bá sọ pé, "Ẹ má bínú sà, mi ò ní lè ṣe é," ó ti jẹ́ ìpè kan níbẹ̀, bóyá wọ́n lé e kúrò ní ilé tàbí wọn ò lé e. Bákan náà ni ọmọbìnrin tó ń ṣe POS tó sáré tẹ̀ lé oníbàárà tó gba owó dín, àti mẹkáníìkì tó sọ fún ẹni tó gbé ọkọ̀ wá pé nǹkan tó bàjẹ́ kò tó ohun tó rò.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ fún yín pé Ọlọ́run pe òun, ẹ má lù ú, ẹ má sì tíì pe èèyàn wá bá a yọ̀. Ẹ bi í pé kí ni Ọlọ́run ní kó ṣe, fún ta ni, níbo, ta ló sì ti gbọ́ sí i. Ẹ ní kó parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná: ọdún tó kù ní iléèwé, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó ń kọ́. Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tí ẹ̀yin náà mọ ìwà rẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí ìlù tí wọ́n ń lù, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá àti fídíò tí wọ́n ń ṣe fún ìjọ, ọwọ́ àwọn ọmọ yìí ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọmọ ẹlòmíì di ọmọ ọ̀dọ̀ ní orúkọ iṣẹ́ Olúwa. Bí ìdánwò rẹ̀ bá sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìṣọ́ òru bọ́ sí àárín rẹ̀, ẹ ní kó máa lọ sílé lọ kàwé. Ẹ wá ẹlòmíì tí yóò lu ìlù.