Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Ìdáná: Omi Ìṣápá àti Omi Sódà

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò gba owó púpọ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ mọ́ra kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹ wá ìṣápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Funfun tí àwa Ìgbómìnà ń fi ẹ̀gúsí sè kò wúlò fún eléyìí. Ẹ da omi gbígbóná lé ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi là á, kí ẹ pín in sí ife márùn-ún tí a lè rí inú wọn láti ìta.

Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kìn-ín-ní: pupa rẹ̀ yóò mọ́ sí i. Ẹ bu omidùn orí ògì sí ìkejì: pupa ni yóò wà. Ẹ fi iyọ̀ sí ìkẹta: kò ní yí padà. Ẹ wá po káún mọ́ omi, kí ẹ máa dà á sí ìkẹrin díẹ̀díẹ̀. Yóò hó, pupa yóò ṣá, yóò sì máa yí lọ sí àwọ̀ ewé. Ìkarùn-ún ni ti omi eérú tí a sẹ́ dáadáa. Òun náà yóò di àwọ̀ ewé, bí eérú bá sì mú gan-an, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ òféèfèé. Bí ó bá kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò fẹ́ yí, ẹ tún fi kún un, nítorí ìṣápá fúnra rẹ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún o.

Ohun tó kan ni ásíìdì. Eérú àti káún ni òdìkejì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní álíkálì. Bí ẹ bá fún ọsàn tó pọ̀ sínú ife eérú, pupa yóò padà wá, nítorí àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn. Afẹ́fẹ́ tó ń mú káún hó bí ọsàn bá kàn án ni èyí tó wà nínú mínírà. Ìwé Òwe 25:20 mẹ́nu kan irú èyí nínú èdè Hébérù: ọtí kíkan lórí neter, ìbátan káún tiwa.

Àwọn ìyá wa àgbà kò lo ife ìṣápá kí wọ́n tó mọ agbára eérú. Eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n sì ń fi omi rẹ̀ se àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ní 1807, Humphry Davy ní London fi iná mànàmáná yọ èròjà kan láti inú irú ohun tó wà nínú eérú yìí, ó sì sọ ọ́ ní potassium. Òun ló ń mú kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Sódà ní tirẹ̀ ń mú kí ọṣẹ le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè gé e. (Bí ọmọ bá bi yín nípa àwọn ère Èsìẹ́, tí wọ́n kọ́ mùsíọ́mù fún ní 1945, òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń pe òkúta náà ní òkúta ọṣẹ. Yíyọ̀ tó ń yọ̀ lọ́wọ́ ló fà á. Kò lè hó.)

Sódà yìí gan-an ló mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. Omi sódà àti omi mímu, ọ̀kan náà ni lójú. Ní ọjọ́ kan tí a ń se ọṣẹ, àwa fúnra wa la bu èyí tó ṣẹ́kù sínú ìgò mínírà, a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan gbé e mu. Epo pupa la sáré rọ fún un, a sì fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé nígbà tó ń bì í, sódà tún ń jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ fún, ó sì pẹ́ kí oúnjẹ líle tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, bí ọmọ bá gbé e mu, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un lépo, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìgò náà. Ẹ má ṣe fún un ní ọsàn nítorí ohun tí ẹ rí nínú ife; ìjà àwọn méjèèjì a máa mú ooru wá. Bí ó bá ta sí ojú tàbí ara, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìgbà pípẹ́.

Inú omi ni a ń da sódà sí, a kì í da omi lé sódà. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù, sódà ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ rà, èyí tó bá sì kù, kó wà nínú ike tirẹ̀, pẹ̀lú àmì, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Bílíìṣì pẹ̀lú: ẹ má pò ó mọ́ ọsàn tàbí ásíìdì ilé ìyàgbẹ́, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní ìṣápá pupa mú díẹ̀ wá. Ife ń bẹ nílẹ̀.