Ọ̀ràn Nǹkan Oṣù: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ìyá àti Àwọn Olùkọ́

Ọ̀ràn tí a mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí àwọn àgbà ń sọ ní gbangba, àwa pẹ̀lú sì rò ó títí kí a tó mú kálámù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ obìnrin kan tí ń kọ́ni ní abúlé sọ fún wa pé ọmọbìnrin kan ní kíláàsì òun, tí orí rẹ̀ pé gidigidi, a máa pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lóṣooṣù. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní ibà ni. Kì í ṣe ibà. Ọmọ náà kò ní aṣọ tí ó tó, ilé ìgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ilẹ̀kùn, omi sì jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ ti yí aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, àwọn ọmọkùnrin sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Nǹkan oṣù kì í ṣe àrùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ búburú tí ara ń dà nù, bí àwọn kan ti ń wí. Lóṣooṣù ni inú ilé-ọmọ ń pèsè ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ń retí àlejò. Bí oyún kò bá dúró, ohun tí ó tẹ́ sílẹ̀ a tú, a sì jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, láti ọjọ́ 2 títí dé 7. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin a kọ́kọ́ rí i ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Ti àwọn kan a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti àwọn mìíràn a pẹ́. Ìyá tí ó bá dúró di ìgbà náà kí ó tó la ẹnu ti pẹ́ jù, nítorí ọmọ tí a kò sọ nǹkan kan fún a máa rò pé ikú dé bá òun.

Aṣọ ni àwọn ìyá wa lò, aṣọ kò sì burú. Ìtọ́jú rẹ̀ ni a ń ṣì ṣe. Nítorí ìtìjú, ọmọbìnrin a fọ̀ ọ́ lóru láìsí ọṣẹ, a sì fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní tàbí sẹ́yìn àpótí, níbi tí kò ti lè gbẹ. Bí ó bá sì lò ó bẹ́ẹ̀, ara a yún un, a sì lè bó. Omi tútù ni kí a kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, nítorí omi gbígbóná a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn èyí kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáradára, kí a sì sá a sínú òòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Bí ojú bá ń tì í, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn. Ní ìgbà òjò, kí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Kí a má ṣe lo aṣọ kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí a sì fọ ọwọ́ ṣáájú kí a tó pààrọ̀ rẹ̀ àti lẹ́yìn náà; ti ìṣáájú yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Omi mímọ́ tó fún ìta ara. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọṣẹ tàbí álọ́ọ̀mù bọ inú.

Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kọjá ọjọ́ 7, tàbí tí ó ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pẹ́ tí ó tún rí ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjáfara.

Ní ìlú Coimbatore, ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Arunachalam Muruganantham, ẹni tí kò parí ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1998 ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń fi àkísà pamọ́ fún un, ìyàwó náà sì wí pé bí òun bá ń ra páàdì, owó wàrà ilé kò ní kù. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí fi òwú ṣe páàdì fúnra rẹ̀. Ó tilẹ̀ so àpò ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ mọ́ ara rẹ̀ láti dán an wò, títí àwọn ará àdúgbò fi pè é ní wèrè, tí ìyàwó rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ó lé ní ọdún 2 kí ó tó mọ̀ pé ohun tí a fi igi ṣe ni ó wà nínú ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn obìnrin abúlé lè fi ọwọ́ ara wọn lò. Ní 2016 ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá.

Ìjọba Kẹ́ńyà mú owó orí kúrò lórí páàdì ní 2004, Nàìjíríà sì yọ ọ́ kúrò lórí èyí tí a ṣe nílé láti 2020. Síbẹ̀ owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, nítorí náà ni a fi sọ̀rọ̀ aṣọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kí a lé àwọn ọmọkùnrin jáde nígbà ẹ̀kọ́ yìí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ jù.

Olùkọ́ wa ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ láti fi ògbólógbòó aṣọ òwú mímọ́ rán páàdì ní àkókò ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́, ìró kan àti ọṣẹ kò sì wọ́n nínú àpótí rẹ̀. Àwọn òbí ti fi ilẹ̀kùn sí ilé ìgbẹ́ náà. Ọmọbìnrin tí a ń wí kò pa ọjọ́ kan jẹ ní oṣù tí ó kọjá, ṣùgbọ́n láti odò ni wọ́n ṣì ti ń pọn omi.