Ìyá Tí Ó Bí Ọmọbìnrin Kò Jẹ̀bi



Bí ìyàwó bá bí ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀kíní, gbogbo ẹbí a bá a yọ̀. Bí ó bá di ìkẹta, àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. Bí ó bá di ìkẹrin, ọ̀rọ̀ a dé: ta ni yóò máa jẹ́ orúkọ ilé yìí? Wọn a ní kí ọkọ lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn, tàbí kí obìnrin náà máa bí i lọ títí akọ yóò fi dé. Àwọn tí ń kírun márààrún wà lára àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀sìn wọn ọ̀rọ̀ náà wò.

1. Ta ni ó ń fúnni lọ́mọ?
Nínú Sūratu Shūrā (42), āyah 49 àti 50, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun ni Ó ń fi obìnrin tàbí ọkùnrin ta ẹni tí Ó bá fẹ́ lọ́rẹ. Obìnrin ni Ó sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ìmọ̀ ìṣègùn pẹ̀lú ti fi hàn pé inú àtọ̀ bàbá ni ohun tí ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo ti ń wá, kì í ṣe inú ẹyin ìyá. Síbẹ̀, bàbá náà kò lè yàn án. Kí ni a wá ń bá ìyá jà sí?

2. Ìwà àwọn wo ni a ń hù?
Sūratu Nahl (16), āyah 58 àti 59, sọ nípa àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan, tí ojú wọn a dúdú bí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin ni a bí. Àwọn kan nínú wọn a máa ri ọmọ náà mọ́lẹ̀ láàyè. Lónìí a kì í ri ọmọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fajú ro níbi ìsọmọlórúkọ ti ń tọ ipasẹ̀ wọn.

3. Ilé Ànábì wa
Àwọn ọmọkùnrin Ànábì (SAW), Qāsim, Abdullāh àti Ibrāhīm, kú ní kékeré. Àwọn ọ̀tá ní Mọ́kà sọ pé ìran rẹ̀ ti parun. Sūratul Kawthar (108) sì dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ Fātimah, ọmọbìnrin rẹ̀, ni àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ti wá títí di òní. Ní ti ogún, Sūratu Nisā'i (4), āyah 11, ti fi ìpín ọmọbìnrin lélẹ̀. Ẹbí kò ní àṣẹ láti gbà á.

4. Ewu tí ó wà níbẹ̀
Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nínú ọmọ 100,000 tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá tí ó bá oyún tàbí ìbí lọ tó 1,047. Ẹni tí ó ní kí obìnrin lóyún sí i nítorí akọ nìkan, ẹ̀mí ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́kùnrin, bí ìyá rẹ bá ń bínú sí aya rẹ lórí èyí, ìwọ ni kí o fi sùúrù là á yé e. Má ṣe dákẹ́. Kí á fi ọmọbìnrin sí ilé kéwú àti ilé ìwé bí ti ọmọkùnrin. Yorùbá ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Wọn kò sọ pé dandan kí ó jẹ́ ọkùnrin.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọmọ rere, akọ tàbí abo. Āmīn.