Àyà Ń Já, Orí Ń Gbóná: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Méjì

Ìyá oníṣòwò kan n'Íbàdàn ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ́nà. Ìyá ò fara pa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún lálẹ́, àyà wọn á já pà, ọkàn wọn á máa lù kìkìkì, ẹnu á gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ á tutù, inú á sì máa rú bíi kí wọ́n sáré lọ yàgbẹ́. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àrùn kankan. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n sáà fọkàn balẹ̀. Ìyá wá ń bèèrè: ṣé orí òun ti fẹ́ dàrú ni?

Orí wọn ò dàrú rárá.

Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kéékèèké méjì tó wà lórí kíndìnrín, wọ́n á sì da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkàn á sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ dé itan àti apá. Ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà síta kí agbára má baà wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ á dín kù nínú ìfun àti awọ ara. Ìdí rèé tí ọwọ́ ìyá fi ń tutù tí inú wọn fi ń rú. Walter Cannon, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1915: ara ń múra ìjà tàbí eré sísá ni. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ cortisol ló máa ń tẹ̀ lé adrenaline, òun kì í sì í tètè kúrò nílẹ̀. Lára ìyá yìí, ìró fóònù lóru àti ìbọn adigunjalè ti di ọ̀kan náà.

Ó yẹ kí àwọn ará ilé gbọ́ èyí dáadáa: kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó má sáré mọ́. Èémí ni ọwọ́ èèyàn tó. Kí ìyá jókòó, kí wọ́n gbé ọwọ́ kan lé ìdodo. Kí wọ́n fi imú fa èémí wọlé, kí wọ́n ka ení dé ẹ̀rin, kí ọwọ́ orí ìdodo sì gbéra; bó bá jẹ́ èjìká ló gbéra, èémí náà ò tíì délẹ̀. Kí wọ́n wá tú u síta díẹ̀díẹ̀, títí dé ẹ̀fà. Ìyẹn á jẹ́ bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní ìgbà 12 sí 20. Bí èémí bá ń pẹ́ kó tó jáde tán, iṣan vagus, tó ti ọpọlọ gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà, á máa fa ọkàn ní ìjánu. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́ ni, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rù bá dé nìkan.

Lẹ́tà kejì ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ ọ́. Bó bá ti ṣíwèé, orí rẹ̀ á gbóná, nǹkan á máa rìn nínú rẹ̀ bí ìjàlọ, ojú á ṣú. Irú rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí: Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1960, ó pè é ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ sọ pé obì àti kọfí lòun fi ń lé oorun lọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Caffeine wà nínú méjèèjì, ó sì máa ń ti adrenaline síta. Èyí tó bá wọ inú ní aago mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lè ṣì wà lára ní aago mẹ́ta òru. Kó má fẹnu kan obì tàbí kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, kó sùn tó wákàtí méje, kó sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ lójoojúmọ́; ara tó ti múra eré sísá, eré náà ló ń wá.

Kó tún lọ ṣe àyẹ̀wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ẹṣẹ́ ọrùn tó ń ṣiṣẹ́ jù náà máa ń mú ọkàn sáré. Ní ti ìyá, ìpayà tó ti ju oṣù kan lọ ti kúrò ní ohun à ń dá gbé. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà nílé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, ìtọ́jú tó jẹ́ ìjíròrò sì wà fún irú ẹ̀rù yìí. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, tí ìrora náà ń ran apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí kò lè mí délẹ̀, kí wọ́n má dúró ka ení dé ẹ̀rin o. Kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.