Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko, Ta Ló Wá Ń Sinmi?

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Mo fura pé ọkùnrin ló kọ́kọ́ pa òwe yìí. Ní agbègbè Tchaourou, láàárín Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou, obìnrin tó bá ti oko kajú dé kò tíì débi ìsinmi rárá. Omi kò sí nílé, iná kò tíì ràn, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ké, ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi yan gàrí ọjà ṣì wà nínú àpò tí wọ́n fi òkúta tẹ̀. Láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún tí kajú ń bọ́, oko méjì ló ń ro: èyí tó wà nínú igbó àti èyí tó wà láàárín ògiri mẹ́rin.

Òfin kò gbàgbé òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin, tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, 6 kó tó bímọ, 8 lẹ́yìn tó bá bí i. Ó ní kí ìyá ọlọ́mọ máa gba wákàtí kan lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú, títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Ó ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ oko, ó sì dá 2,400 lọ́dún fún ẹni tó wà lóko. Owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní SMIG, kúrò ní 40,000 fáráǹkì CFA, ó di 52,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni òfin náà ń bá wí. Ta wá ni ọ̀gá obìnrin tó ń ṣa kajú lóko ọkọ rẹ̀?

Lọ́pọ̀ ilé, obìnrin àti ọmọ ló ń ṣa á, ọkùnrin ló ń tà á. Ẹ̀yin baálé, kí kajú àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀ ni kí ẹ ti bá ìyàwó yín jókòó, kí ẹ sọ àpò tó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwọn àpò tí yóò kún. Ẹ má dúró dìgbà tí oníbàárà bá ti ka owó tán, nítorí owó tó ti wọ àpò ṣòroó pín. Ẹ sọ ẹni tí yóò máa pọnmi lásìkò ìṣàjọ náà pẹ̀lú. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá lè ru korobá. Orí rẹ̀ kò ní fọ́.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòji. Tchaourou ní ilẹ̀ ju gbogbo kọ́múùnù yòókù lọ ní Benin, ilẹ̀ yìí ló sì ń fa àwọn ènìyàn wá láti Atacora, tí wọ́n ń ṣe àgbàṣe nínú oko iṣu. Ìjà tó máa ń wà láàárín alágbàṣe àti olóko, orí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ló sábà máa ń dá lé. Ṣé oúnjẹ wà nínú owó náà? Bí òjò bá pa ọjọ́ kan jẹ, ta ló gbé e? Bí àdá bá gé alágbàṣe lẹ́sẹ̀, ta ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Saint-Martin ní Papané, ta ni yóò sì sanwó? Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá dá a. Ọjọ́ owó tí ẹnikẹ́ni kò dá, kì í ku ọ̀la láéláé. “Tí mo bá ta iṣu tán” kì í ṣe ọjọ́. Ẹ kọ àdéhùn yín sínú ìwé ọmọ iléèwé kan, kí àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí i, kí olórí abúlé wà níbẹ̀.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ lọ sókè òkun, kí iṣẹ́ fífọ́ rẹ̀ lè wà nílé. Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, ẹ bèèrè ìbọ̀wọ́, torí òróró inú èèpo kajú ń jó awọ. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti forúkọ yín sílẹ̀ ní CNSS, àjọ ààbò òṣìṣẹ́, kí ẹ sì gba nọ́ńbà yín sọ́wọ́. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé iṣẹ́ yín yóò parí, torí òfin ọdún 2017 gba ọ̀gá láyè láti máa tún ìwé kúkúrú ṣe láìlópin.

Ti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kò gùn. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ẹni tí wọ́n rán ni òwe yìí ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ránni. Ọ̀gá tó bá ń fi í kọ́ ọmọ iṣẹ́ kó lè máa fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ ti ṣi òwe lò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, òfin kò fún ọ̀gá kankan láyè láti gbà á síṣẹ́.

Àáró, kí a máa bá ara wa ro oko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Ó ti wà kí SMIG tó dé, ó sì ń dé ibi tí ìjọba kò dé. Àbùkù kan ló ní: ọkọ́ nìkan ló ń kà. Opó arúgbó, ẹni tí apá rẹ̀ rọ, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n, torí wọn kò lè san ebè padà. Ẹ yí i padà. Kí ẹgbẹ́ àáró ka ọjọ́ tí opó kan bá fi tọ́jú ọmọ mẹ́fà lábẹ́ igi sí ọjọ́ iṣẹ́ odindi, kí wọ́n sì lọ bá a kọ ebè tirẹ̀. Aláàbọ̀ ara tó mọ̀wé kọ, kó máa kọ ìwé ẹgbẹ́, kí wọ́n ro oko rẹ̀ fún un. Òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti jáde láti ọdún 2017, ṣùgbọ́n òfin kì í mú ọkọ́.

Bí ọ̀gá bá wá kọ̀ tí kò sanwó, ẹ má bá a jà lọ́jà. Kó tó di ti ilé ẹjọ́, ọ̀dọ̀ inspecteur du travail, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, kó lè pẹ̀tù sí i. Parakou ni kí ẹ ti wá a. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo: ẹ mú ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí, ẹ mú ẹlẹ́rìí kan, bí ẹ kò bá sì gbọ́ Faransé, ẹ mú ọmọ tó gbọ́ ọ dání.