Ta ló ń sin ta?

"Ẹ sọ áàpù yín di ìsìn, kó máa ṣiṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, níbi tó ti ń la àwọn ọlọ́jà Yaba lọ́yẹ̀ bí wọ́n ṣe lè gbé àkọsílẹ̀ ọjà wọn sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, dípò kí wọ́n máa fi dọ́là san owó oṣooṣù fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ lókè òkun. Ìmọ̀ràn rere ni. Ìsìn yẹn, tó fi túmọ̀ service, ni kò dùn létí. Ẹni tó bá gbọ́ ìsìn ní Surulere, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni yóò wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú orin àti igbá ọrẹ. Kò ní rántí Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà rárá.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló bí ìsìn. Inú "sìn" ló ti jáde, sìn sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́ kí Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843. Wọ́n ń sin ọba, wọ́n ń sin òrìṣà, ìwọ̀fà sì ń sìngbà lóko olówó títí gbèsè yóò fi tán. Ìjọsìn ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìsìn lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba dá ètò NYSC sílẹ̀ ní 1973, ìsìn lásán kò tó pè é mọ́, ó di ìsìnrúlú. Ẹrú ń yọjú nínú rẹ̀ kedere, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ó dára bí ẹnu ṣe mọ́ agùnbánirọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú sìn ni pé ọ̀nà méjì ló kọjú sí. Ìránṣẹ́ ń sin ọba: ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà lókè. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà ń sin adìẹ, ẹni tó wà lókè ló ń bọ́ ẹni ìsàlẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ la ti rí ẹran ọ̀sìn. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń ṣàlàyé gan-an nìyí, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Bí ẹ bá tẹ àṣẹ sínú fèrèsé dúdú orí kọ̀ǹpútà kí áàpù lè jí, bí ẹ bá ti pa fèrèsé náà dé, ó sáàbà máa ń bá a kú. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí iná sì padà dé, kọ̀ǹpútà á tan, áàpù ò ní dìde. Systemd, ètò kan nínú Linux, tí Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé jáde ní 2010, tí Debian, irú Linux kan, sì gbà wọlé nínú ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ ní 2015, ló ń bá wa bójú tó o. Ẹ ó kọ fáìlì kékeré kan tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .service sínú /etc/systemd/system. ExecStart á sọ àṣẹ tí yóò jí i. User á sọ orúkọ ẹni tí yóò máa fi ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ root. Restart=on-failure á ní bó bá ṣubú, kí wọ́n gbé e dìde. Bó bá wá ṣubú lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, systemd á fi í sílẹ̀, ẹ ó sì fi journalctl wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe é. Áàpù ń sin oníbàárà, systemd ń sin áàpù.

Ẹnu tún kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbi àṣẹ systemd méjì kan, start àti enable. "Bẹ̀rẹ̀" ló pe méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, gírámà wa ti yanjú ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá ṣe start, áàpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ṣe enable, áàpù rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tan. "Ń" àti "á máa" ló yà wọ́n. Ẹni tó bá gbàgbé "á máa", ọjọ́ tí iná bá lọ ni yóò mọ̀.

Kí wá ni ká pe service náà ní Yorùbá? Mo ti gbìyànjú ìránṣẹ́, kò bá a mu: ẹni tí a rán níṣẹ́ máa ń lọ, tiwa yìí kì í kúrò nílé. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ti dá ẹjọ́ náà. Sáfíìsì ni mẹkáníìkì ń ṣe fún ọkọ̀, sáfíìsì náà ni kò sí lórí fóònù, ó sì ti wọ ẹnu àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà Yaba pẹ̀lú. Ó ti borí, mo sì gbà fún un, gẹ́gẹ́ bí NẸ́PÀ ṣì ṣe ń jẹ́ NẸ́PÀ láti 2005 tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí sìn bá ìsìn lọ. Ẹ máa sọ pé áàpù yín ń sin àwọn oníbàárà. Bí ẹ bá sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àmì ohùn sí i. "Wọ́n sìn ín" ni pé wọ́n ṣiṣẹ́ fún un, tàbí pé wọ́n tọ́jú rẹ̀. "Wọ́n sin ín" ni pé ó ti kú.